Aago Inú Ara Kì í Gba Àṣẹ Ọ̀gá

Ẹ̀yin ará Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ń jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, ẹ ń jà du dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ ń wọlé, ìgbà náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń te ẹ̀bà. Ẹ̀jẹ̀ ríru rèé, àtọ̀gbẹ rèé, ní ojúlé dé ojúlé.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni ìdáhùn tí àwọn ọ̀gá ń fún wa: "Ọ̀lẹ àti wọ̀bìà ni yín. Ẹ tètè sùn, ẹ jẹun kí aago méje alẹ́ tó lù." Aago méje kẹ̀! Orí afárá Third Mainland ni òṣìṣẹ́ wà ní aago méje, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣé inú dánfó ni kó ti dáná?

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kọ́ rárá. Bí wọ́n ṣe bí àwọn kan ní atètèsùn, bẹ́ẹ̀ ni oorun àwọn mìíràn ń pẹ́ dé. Àbímọ́ni wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hall, Rosbash àti Young gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí aago inú ara, èyí tó ń darí oorun àti jíjẹ. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́, gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, insulin tí ara ń tú jáde láti fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ á dínkù. Ẹ̀bà tí ara gbà lọ́sàn-án, bí a bá jẹ ẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì pẹ́ kó tó wálẹ̀. Ẹni tí oorun rẹ̀ ń pẹ́ dé, tí iṣẹ́ tún ń lé dìde ní ìdájí, kò ní sùn tó. Ẹni tí kò bá sì sùn tó, ebi á máa pa á ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ìyẹn ni wọ́n wá ń pè ní wọ̀bìà?

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín àkókò ìwọṣẹ́: aago méje, aago mẹ́jọ, aago mẹ́wàá, kí òṣìṣẹ́ yan èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Bí gbogbo wa kò bá dà sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà Ìkòròdú á mí. Atètèjí á délé jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú. Apẹ́sùn á rí oorun sùn. Àwọn ọ̀gá á ní ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn? Ẹni tó wọlé ní mẹ́wàá ni yóò wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí oníbàárà ń ti ibi iṣẹ́ tirẹ̀ bọ̀.

Kí ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń gba Múṣin àti Yábàá dé Òyìngbò, máa rìn léraléra ní kùtù àti lálẹ́. Kí dókítà máa bèèrè aago tí aláìsàn ń jẹun, kì í ṣe ohun tó ń jẹ nìkan. Kí àyè oúnjẹ ọ̀sán di ẹ̀tọ́. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́ lóru, kí a lè sùn.

Ẹni tó bá tún fẹ́ pe òṣìṣẹ́ Èkó ní ọ̀lẹ, kó kọ́kọ́ dá wákàtí tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà.