Ẹ Yé Dá Ọmọ Yunifásítì Lẹ́bi

Bí ọmọ yunifásítì bá ní inú òun kì í dùn mọ́, ohun tí àgbà kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ó ti ń tẹ fóònù jù, kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹjọ́ òdì gbáà ni. Pé ìkànnì ayélujára ń ba ayọ̀ àwọn ọmọ yìí jẹ́, n ò jiyàn rẹ̀. Ẹni tí à ń dá lẹ́bi ni mo ta kò.

Orí akẹ́kọ̀ọ́ ni Facebook ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2004 ni Mark Zuckerberg gbé e jáde ní Harvard, kó tó wọ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà yòókù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nítorí pé kò dé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, onímọ̀ ọrọ̀-ajé Luca Braghieri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àyè fi ọgbà tó ti dé wé èyí tí kò tíì dé. Èsì wọn jáde ní 2022: ibi tí Facebook bá ti wọlé, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń pọ̀ sí i láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n rí tó jọ pé ó fà á ni kí ọmọ máa fi ara rẹ̀ wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Facebook ń wọ àwọn ọgbà yẹn, kò tíì sí bọ́tìnì "Like", kò sí Instagram, kò sí TikTok.

Ẹ wá wo tiwa ní Nàìjíríà. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọmọ tó yẹ kó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó ń ta ọṣẹ. Ó ṣí status WhatsApp, ó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì aládàáni, tó ti ṣe ìdánwò tirẹ̀ tán, tí wọ́n ti fi báírò kọ orúkọ kún gbogbo ara ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó pa fóònù dé. Kò pẹ́, ó tún ṣí i. Ìjánu wo lẹ fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó?

Àwọn àgbà á ní kó pa ìkànnì tì. Báwo? Orí WhatsApp náà ni olùkọ́ máa ń kéde ìdánwò sí lóru, pé kí wọ́n pé jọ láàárọ̀ ọ̀la. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé mìíràn, Leonardo Bursztyn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan léèrè. Kí wọ́n tó lè dá kúrò lórí TikTok, àfi kí wọ́n sanwó fún wọn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹgbẹ́ bá máa jọ kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe tán láti fi owó ara wọn ṣe é. Ó ń wù wọ́n láti lọ. Dídá lọ ni wọn ò lè ṣe.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń tajà lórí ìkànnì wọ̀nyí, wọ́n sì ń rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà títà ò ní kí fídíò máa yí títí di aago méjì òru. Àwọn iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí owó ìpolówó lè wọlé.

Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì, ẹ dá ìkéde padà sára pátákó, kí ẹ sì fòfin de ìkéde òru. Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ má na fóònù sí ọmọ yín mọ́ pé kó wá wo ohun tí ọmọ lágbájá ti dà.