Ta Ni Ó Ní Eré Ọmọdé Ni?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì ní gbé e mì. Àwọn kan wà láàárín wa tí í máa yọ ṣùtì sí ẹni tí wọ́n bá rí tí ó ń fi páálí, páìpù omi àti góòmù ṣe irú ohun èlò tí à ń rí nínú sinimá. Wọn a ní, "Àgbàlagbà bí ìwọ! Bí idà iná Star Wars bá wù ọ́, ṣebí wọ́n ń tà á?" Àwọn tí ẹnu wọn tún mú jù bẹ́ẹ̀ lọ a ní àfarawé lásán ni, kò gba ọgbọ́n.

Ó dára. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Níbo ni idà iná náà ti wá? Nígbà tí wọ́n ń ṣe Star Wars, tí ó jáde ní 1977, owó kò ṣàn lọ́wọ́ wọn. Roger Christian, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣètò ohun èlò eré náà, lọ rí ọ̀pá Graflex ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ayàwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pá irin dídán ni, tí àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn ń fi gbé gílóòbù iná sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà láyé àtijọ́. Ó lẹ ọ̀já dúdú mọ́ ibi ìdìmú rẹ̀, ó so òrùka kan mọ́ ìdí rẹ̀, ó parí: idà Luke Skywalker dé. Ìbọn Han Solo ńkọ́? Mauser àwọn ará Jámánì ni, tí wọ́n so awò àti irin wẹ́wẹ́ mọ́. Ní 1978, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Oscar lórí iṣẹ́ yìí kan náà. Nínú Star Trek ti 1966 pàápàá, ohun tí a fi ń wọ́n iyọ̀ sí oúnjẹ ni Dókítà McCoy fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ!

Ta ni ó wá sún mọ́ òótọ́ jù: ẹni tí ó ra ike tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tàbí èmi tí mo gé rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí ó ti bẹ́, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn mọ́?

Ní ti àfarawé, ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ń kọ́ èdè ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. A lè gbọ́ oríkì ní ìgbà ogún kí a rò pé a ti gbọ́ ọ tán. Ọjọ́ tí a bá mú kálámù láti fi àmì ohùn sí i ni à ń mọ bí etí ṣe ń tan ni. Ojú náà ń tan ni. Ẹ wo idà yẹn nínú sinimá, kí ẹ wá sọ fún mi bí ọ̀já ara rẹ̀ ṣe jìnnà síra tó. Ẹni tí ó ti gé e, tí ó ti tún un gé, tí ó fi sáńpépà ha góòmù kúrò ní èékánná, òun ló mọ̀ ọ́n. Adùn tí mo ń wí nìyẹn, kò sì sí níbi tí wọ́n ń tà á.

Àwọn ọmọ Ìkòròdú tí à ń pè ní Ikorodu Bois mọ̀ ọ́n. Ní 2020 wọ́n fi ohun inú ilé fara wé ìpolówó sinimá Extraction, títí àwọn tí ó ṣe sinimá náà ní Amẹ́ríkà fi kan sáárá sí wọn. (N kò sọ èyí nítorí ìyìn òyìnbó, bí òyìnbó kò bá tilẹ̀ rí i, iṣẹ́ náà dára.)

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi owó orí wa ra idà oníke àti adé fún eré ìparí ọdún. N kò fara mọ́ ọn. Kí akápò fún wa ní ìdá mẹ́rin owó náà, kí ó sì bá wa gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kan. Ọ̀bẹ àti góòmù wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá ní páálí, kí ó mú un wá ní Sátidé, kódà ẹni tí ó ní eré ọmọdé ni.