Bí Òbí Yín Bá Lọ sí Edinburgh

Ó ti di àṣà láàárín wa pé kí ọmọ tó wà ní Ìlú Ọba ránṣẹ́ pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ wá kí i. Ohun tí a ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá padà dé kò dùn mọ́ wa nínú. Ọmọ a ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, òbí a jókòó ti fèrèsé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tílándì, òkè ló ń dá àgbà dúró. Wọ́n ní orí òkè méje ni ìlú náà wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Arthur's Seat ga tó mítà 251. Ilé olódi àwọn ọba àtijọ́ wà lórí àpáta (ará Abẹ́òkúta yóò rántí Olúmọ), ibùdókọ̀ réluwé Waverley sì wà nísàlẹ̀ nínú àfonífojì.

Àwọn bọ́ọ̀sì kan wà tí ń gbé àlejò yí ìlú po. Alájà méjì ni wọ́n, òkè wọn kò ní òrùlé. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni: ẹ sọ̀kalẹ̀ níbi tó wù yín, ẹ wò ó tẹ́rùn, ẹ tún wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ àwa réluwé, ibi tí a kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ni èrò ń sọ̀ sí, nítorí náà ètò yìí wù wá.

Ẹ má sọ̀kalẹ̀ ní yíyípo àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀ nítòsí ilé olódi, kí ẹ máa rìn gba Royal Mile lọ. Ọ̀nà náà dagẹ̀rẹ́, nǹkan bíi máìlì kan, títí dé ààfin Holyrood. Bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín padà gun òkè. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń fi orúnkún rẹ̀ ṣeré. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn ńlá ní agogo kan ọ̀sán, ẹ má sá o: láti 1861 ni wọ́n ti ń yìn ín láti fi sọ àkókò, àfi ọjọ́ Ìsinmi.

Owó rẹ̀ ju ti bọ́ọ̀sì ìlú lọ, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti san owó ọkọ̀ òfurufú, kí ló kù? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ àkókò bọ́ọ̀sì ìkẹyìn sínú ìwé fún wọn, kí àdírẹ́sì ilé yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù òtútù, nítorí atẹ́gùn orí bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa.