Ara Kọ Àlìkámà, Kò Kọ Oúnjẹ

Wọ́n ní ìyà ń jẹ ẹni tí ara rẹ̀ kọ àlìkámà, bí kò bá rí búrẹ́dì àkànṣe òkè òkun rà. Irọ́ funfun báláú! Láti 1950 ni Willem Dicke, oníṣègùn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, ti fi hàn pé àlìkámà ni ó ń dá irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lóró. Títakété sí i ni ìtọ́jú wọn. Kí ni ó ń ba ọmọ Yorùbá lẹ́rù níbẹ̀? Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà kò ní èròjà aṣeniléṣe náà. Ẹni tí ó pa búrẹ́dì tì, tí ó di iyán, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín mú, kò pàdánù ohunkóhun. Àwa tí a ń pe búrẹ́dì ní ọ̀làjú, tí a sì ń pe ẹ̀kọ ní oúnjẹ òtòṣì, àwa gan-an ni ó yẹ kí a tọ́jú.