Babaláwo Inú Sinimá

Sinimá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé olùfẹ́ sinimá Yorùbá ni mí. Bí iná bá wà ní Ẹnuwá lálẹ́, tí àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò bá ti lọ, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni ẹ ó ti bá mi. Àwọn àgbà kan láàárín wa rò pé kò yẹ awo. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá òde òní kò ní rí ọpọ́n Ifá lójúkorojú láyé wọn; inú sinimá ni wọn yóò ti rí i, bóyá níbẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń ya sinimá ni olùkọ́ wọn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Nínú gbogbo èyí tí mo ti wò, Ṣaworoidẹ ṣì ni ọ̀gá lójú mi. Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé e jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe lo awo níbẹ̀. Ìlú Jogbo ní májẹ̀mú pẹ̀lú ọba rẹ̀: ọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ kí ó tó jọba. Lápité kọ̀, nítorí pé owó ló fẹ́ kó jọ. Nígbà tí ológun fi ipá gba adé, tí ó dé e sórí, tí ìlù ṣaworoidẹ sì dún, orí fífọ́ ló pa á. Kò sí èéfín, kò sí mànàmáná tí kọ̀ǹpútà yà. Májẹ̀mú ni agbára, ìlù sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí, tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábá, ń fi òwe sọ ohun tí ààfin kò fẹ́ gbọ́. Mo ti fi sinimá yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Mo gbádùn Aníkúlápó náà, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix lọ́dún 2022. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó ẹ̀kọ́ wákàtí kan: a-ní-ikú-ní-apó. Apó ni o, ibi tí ọdẹ ń kó ọfà sí, kì í ṣe àpò aṣọ. Ṣaró ahunṣọ dé Ọ̀yọ́, ó kú nítorí olorì, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára inú àdó sọ ọ́ di ẹni tí ìlú ń wárí fún, ìgbéraga sì gbé e ṣubú. Ọ̀rọ̀ ìwà ló wà nídìí ìtàn náà. Nígbà tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ sinimá tó dára jù lọ ní AMVCA lọ́dún 2023, mo pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi. Ohun kan ṣoṣo ló ń ta mí létí: Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni aṣọ àwọn òṣèré kan, Èkó òde òní ni ahọ́n wọn. Ní ti ahọ́n, Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyì Bándélé darí tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Eré tí Wọlé Ṣóyínká fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ padà wálé sínú èdè tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó mà ṣe o, Bándélé kú lóṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí ó ku oṣù kan kí wọ́n kọ́kọ́ fi í han àwọn òǹwòran ní Toronto.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi méjèèjì ti pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Ifá mọ̀ pé ẹsẹ Ifá ní ìlànà: a ó dárúkọ awo tó dífá, ẹni tí a dá a fún, ohun tó ń dà á láàmú, ẹbọ tí a ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. Ọfọ̀ kì í ṣe ẹsẹ Ifá. Ìró ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọfọ̀: orúkọ ewé gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń pàṣẹ tan, ní kọ́ńsónáǹtì, ní fáwẹ́lì, nígbà mìíràn ní ohùn pẹ̀lú. Àyájọ́ tún yàtọ̀. Ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a fi ń ti àṣẹ lẹ́yìn nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá, gbogbo rẹ̀ ti di ariwo kan náà. Òṣèré yóò la ojú rangandan, yóò gbọn orí, yóò to orúkọ ewé mẹ́ta tí kò bá ọ̀rọ̀-ìṣe kankan tan, ààrá yóò sì sán. Èmi a bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ìyàwó mi a sì ní kí n jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́ran. Wọ́n a tún da owó ẹyọ sílẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n pè ní babaláwo. Ẹẹ́rìndínlógún ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olóòṣà; ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ikin ni ti babaláwo. Kò sí olùdarí eré tí yóò fi ayùn káfíńtà sọ́wọ́ dókítà. Ẹ wá wo Peter Fátómilọ́lá, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ eré Orí Olókun ní Ifẹ̀ níbí: bí ó bá ṣe babaláwo, ahọ́n rẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ ọdún 11 kan wà lára àwọn tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì bi í léèrè pé agbárí ta ni bàbá rẹ̀ fi ń mu omi. Kò dá wọn lóhùn. Ó bọ́ ìdè Ifá ọwọ́ rẹ̀ sínú báàgì, kò sì wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́.

Níbo ni agbárí yẹn ti wá? Apá kan rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ Mount Zion, tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ti gbilẹ̀. Agbára Ńlá wọn gbé Ìṣawúrú, oníṣègùn búburú, wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. N kò bínú sí wọn. Oníwàásù ni wọ́n, wọn kò sì fi pa mọ́ rí. Ṣáájú wọn, Hubert Ògúndé ti ya Ayé, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, awo tó ń gba ìlú lọ́wọ́ ibi. Àwọn tó ń dùn mí ni àwọn tó ń ta àṣà fún gbogbo ayé bí ogún àwọn baba wa, tó sì jẹ́ pé babaláwo tí wọ́n kọ́ lọ́wọ́ oníwàásù ni wọ́n ń lò.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ sinimá wò ní Nàìjíríà kéde ìlànà tí yóò dènà fífi ògùn owó àti ìfènìyàn-ṣètùtù hàn lọ́nà tí yóò fi wu èèyàn. Àwọn kan lára wa yọ̀. Èmi kò yọ̀ tó wọn. Babaláwo búburú wà, kí wọ́n fi í hàn. Bí a bá ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, a ti sọ ara wa di ẹni tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè. Ohun tí mo ń béèrè ni babaláwo tó jẹ́ ènìyàn: kí ó máa dá Ifá fún aláboyún, kí ó máa parí ìjà láàárín tọkọtaya, kí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó máa bá ọmọ rẹ̀ jà lórí owó ilé ẹ̀kọ́.

Àmì-ẹ̀yẹ wá ńkọ́? Wọ́n ń fún aránṣọ, wọ́n ń fún akunjú, wọ́n ń fún ayàwòrán. N kò tíì rí èyí tó wà fún ẹni tó tọ́ èdè àti ètùtù sọ́nà. Síbẹ̀ èdè gan-an ni ayé ń béèrè lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2019, Oscar yọ Lionheart, sinimá àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́, kúrò nínú ìdíje nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù nínú rẹ̀; Ìgbò inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. The Milkmaid lọ ní èdè Hausa lọ́dún 2020, Mami Wata ní pijin lọ́dún 2023, Mai Martaba ní Hausa lọ́dún 2024. Lọ́dún 2022 tí Aníkúlápó, Agẹṣinkólé àti Ẹlẹ́ṣin Ọba wà nílẹ̀, ìbò ìgbìmọ̀ tó ń yan sinimá ní kò sí èyí tó yẹ. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi.

Ṣùgbọ́n ìbínú kò lè tún ọfọ̀ kan ṣe. Mo mọ àwọn awo tí wọ́n pè síbi tí wọ́n ti ń ya sinimá, tí wọ́n fún lóúnjẹ àti owó ọkọ̀, tí a kò sì rí orúkọ wọn nígbà tí orúkọ awakọ̀ àti alásè ń kọjá ní ìparí. Ẹ má gbà á mọ́. Kí ẹ ka ìwé eré kí kámẹ́rà tó ṣí, kí ẹ sì béèrè fún orúkọ yín. Àwọn ẹ̀ka kan wà ní AMVCA tí àwọn òǹwòran ń dìbò fún; ẹ dìbò fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, n ó dábàá pé kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa ka ìwé eré lọ́fẹ̀ẹ́ fún olùdarí eré tó bá béèrè. Èmi yóò jẹ́ ọ̀kan. Ó ku méjì, mo sì fẹ́ kí ìyálóòṣà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ọ̀rọ̀ owó ẹyọ lè tètè yanjú.