Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Fáìlì Lórúkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìmọ̀ràn kan wà tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń lo Linux. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti ṣí fáìlì, wọn á ní: "Ẹ pa SELinux, ó parí." Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ràn yìí kò dára rárá, pàápàá fún àwa tí à ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀.

SELinux ni oníbodè inú Linux. Àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 2000; ó di ara Linux gan-an ní 2003. Láti ìgbà Android 5.0, ní 2014, ló ti ń ṣọ́ gbogbo ètò inú fóònù Android pẹ̀lú. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì ààbò tirẹ̀, èyí tí Faransé ń pè ní étiquette. Àmì yìí ni oníbodè ń wò, kì í wo orúkọ fáìlì. Ẹ wo ìlú wa: àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu, ṣùgbọ́n bí a bá dé ẹnubodè Ìgolò, Porto-Novo tó wà nínú ìwé wa ni wọ́n ń kà.

Báwo ni àmì ṣe ń dàrú? Bí ẹ bá fi cp ṣe ẹ̀dà ohùn kan láti /home sí /var/www/html, ẹ̀dà náà yóò gba àmì ibi tó dé. Bí ẹ bá fi mv gbé e, yóò ru àmì ilé àtijọ́ dání: user_home_t ni yóò ṣì máa jẹ́, níbi tó yẹ kó ti jẹ́ httpd_sys_content_t. Apache kò ní lè kà á. Ẹlòmíràn á sáré fi chmod 777 ṣí i fún gbogbo ayé. Pàbó ni, nítorí àṣẹ kíkà lọ́tọ̀, àmì ààbò lọ́tọ̀.

Bí atẹ̀wé bá fi ọkọ̀ sí ibi tó yẹ kí ọkọ́ wà, ṣé gbogbo àmì ohùn inú ìwé náà la ó pa rẹ́? Ọ̀rọ̀ kan yẹn la ó tún ṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni restorecon ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi ls -Z wo àmì náà, kí ẹ wá pàṣẹ restorecon -Rv /var/www/html. Yóò wo ibi tí fáìlì wà, yóò wo òfin, yóò sì dá àmì tó yẹ padà. Bó bá jẹ́ pé ibòmíràn lẹ fẹ́ kó ohùn sí, ẹ fi semanage fcontext kọ ọ́ sínú òfin ná. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé chcon, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbogbo àmì ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ á pa rẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé onímọ̀ èdè ni wá, a kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, pé iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Òótọ́ ni pé bí SELinux bá ti wà ní pípa fún ìgbà pípẹ́, àwọn fáìlì tuntun kò ní àmì kankan. Ẹ ó ní láti fi touch /.autorelabel ránṣẹ́ sí i, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tan. Bí fáìlì bá pọ̀, yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló dá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹni tó pa á?

Ẹ rántí ohun tó wà nínú fáìlì wa. Bàbá àgbà tó pa ìtàn ìdílé fún wa kò ní kí a fi han gbogbo ayé. Bí olè bá gba Apache mọ́ wa lọ́wọ́, oníbodè yìí ṣì lè dá a dúró kó má dé /home. Bí a bá ti lé oníbodè lọ, kí ni a ó sọ fún bàbá náà?