Mọ́nítọ̀ Géèmù: Kí Ni A Ń Fi Owó Wa Rà?

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá yín sọ lórí ewé yìí, ọ̀rọ̀ ojú sì ni pẹ̀lú. Ó ti di àṣà láàárín wa nínú ọgbà yìí pé bí ẹnìkan bá ra mọ́nítọ̀ tuntun tí yóò máa fi ṣe géèmù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, "Hertz mélòó ni?" Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 60 á rọra dáhùn jẹ́ẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 240 á pariwo rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì. Òǹkà ti di oyè mọ́ wa lọ́wọ́. Èrò tiwa ni pé àṣà yìí ń jẹ wá lówó, kò sì jẹ́ kí á rí ohun tí a sanwó fún.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ohun tí ó ń ti òkè òkun wọlé ti gbówó lórí gidigidi. Mọ́nítọ̀ kò gbẹ́yìn nínú wọn. Owó tí àwọn òbí wa ń fi ránṣẹ́ sí wa ní òkè Ọya níbí, àti owó tí àwa fúnra wa ń rí níbi títẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, kò tó èyí tí a ó fi ra ohun tí ojú wa kò ní rí láéláé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí Hertz, nítorí òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Hertz, tí à ń kọ ní Hz, ni iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ lè fi àwòrán tuntun hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú mọ́nítọ̀ 60 Hz, àwòrán kan ń dúró fún nǹkan bí ìdá 16.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú ti 144 Hz, ó ń dúró fún 6.9. Lójú ti 240 Hz, ó ń dúró fún 4.2. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa. Ẹni tí ó kúrò ní 60 bọ́ sí 144 jèrè ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ojú á rí i, ọwọ́ tí ó di mọ́ọ̀sì mú náà á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kúrò ní 144 bọ́ sí 240 kò jèrè tó 3. Owó ń gòkè, èrè ń sọ̀ kalẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí. Mọ́nítọ̀ kì í ya àwòrán. Kọ̀ǹpútà ni ó ń yà á, mọ́nítọ̀ kàn ń fi ohun tí wọ́n gbé fún un hàn ni. Bí láptọ́ọ̀pù ènìyàn kò bá ní káàdì graphics tirẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé àwòrán 45 péré ni ó lè yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ìjà bá gbóná, kí ni 240 Hz fẹ́ ṣe fún un? Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó ra ìkòkò àsè láti fi se ìrẹsì ife kan.

Àwọn géèmù kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti pààlà fún. Nínú Tekken 8 àti Street Fighter 6, ìjà kì í kọjá àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà lágbára tó. PS4 tí ó jáde ní ọdún 2013, tí ó ṣì pọ̀ nínú yàrá wa, kò lè gbé ju 60 Hz jáde. PS5 tí ó jáde ní ọdún 2020 lè dé 120, ṣùgbọ́n nínú géèmù tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Àwọn tí Hz gíga wúlò fún ní tòótọ́ ni àwọn tí ń ta ìbọn nínú géèmù bíi Valorant, níbi tí ọ̀tá ti ń yọ lójijì, tí géèmù náà kò sì wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn. Bí àwọn yẹn bá ń bára wọn díje gba ẹ̀bùn, a kò ní bá wọn jiyàn. Irinṣẹ́ wọn ni.

Ó kan iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ó wà lójú mọ́nítọ̀, èyí tí à ń pè ní píkísẹ̀lì. Mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 ní píkísẹ̀lì 2,073,600. Ti 2560 × 1440 ní 3,686,400. Ti 3840 × 2160, tí wọ́n ń pè ní 4K, ní 8,294,400. Ìlọ́po mẹ́rin àkọ́kọ́ gan-an ni 4K jẹ́. Ẹni tí ó bá gbé 4K wálé ti sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kí ó máa ya ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ó ń yà tẹ́lẹ̀. Bí káàdì graphics rẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fífẹ̀ nìkan tàn yín jẹ. Bí a bá tẹ́ 1920 × 1080 sórí mọ́nítọ̀ 24 íǹṣì, nǹkan bíi píkísẹ̀lì 92 ni yóò wà nínú íǹṣì kan. Bí a bá tẹ́ iye kan náà sórí 27 íǹṣì, ó di nǹkan bí 82, ojú lẹ́tà á sì máa rí gbágungbàgun. Ẹni tí ó bá fẹ́ 27 íǹṣì, 2560 × 1440 ni ó yẹ kí ó rà, nítorí nǹkan bí 109 ni yóò wà nínú íǹṣì kan níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, ọmọ Yorùbá sì ni wá, nítorí náà a ní ìdánwò kan tí a lè ṣe. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ olùtajà, ẹ ṣí ojú ìwé kan tí a kọ ní èdè Yorùbá, kí ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí a ti máa ń kà á, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ó máa jókòó sí nínú yàrá yín. Ṣé ẹ rí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ? Ṣé àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ dá yàtọ̀ síra? Mọ́nítọ̀ tí ó bá sọ ọkọ di oko mọ́ yín lójú kò yẹ fún ilé yín, bó ti wù kí Hz rẹ̀ pọ̀ tó. Òun náà ni ẹ ó fi ka ìwé, òun ni ẹ ó fi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá, kì í ṣe géèmù nìkan ni yóò máa fi hàn yín.

Ẹ̀kẹta ni irú páńẹ̀lì tí wọ́n fi ṣe ojú mọ́nítọ̀ náà. Lójú tiwa, òun ni ó ṣe pàtàkì jù, òun gan-an ni a kì í bèèrè. Mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà. TN ni èyí àtijọ́. Ó yára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ dìde dúró tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i tí àwọ̀ ń yí padà. IPS, tí ilé iṣẹ́ Hitachi ní Japan gbé jáde ní ọdún 1996, wá tún ìyẹn ṣe. Ibi yòówù kí ènìyàn jókòó sí, ohun kan náà ni yóò rí. Àwa tí ènìyàn márùn-ún máa ń rọ́ jọ sórí bẹ́ẹ̀dì kan láti wo ẹni méjì tí ń gbá bọ́ọ̀lù nínú géèmù, ṣé a nílò kí ẹnìkan máa là á yé wa mọ́? Àléébù IPS ni pé dúdú rẹ̀ kì í dú dáadáa nínú òkùnkùn. Ti VA dú jù ú lọ. Bí a bá fi funfun IPS wé dúdú rẹ̀, nǹkan bí 1,000 sí 1 ni ó máa ń jẹ́, ti VA sì máa ń tó 3,000 sí 1. Ẹni tí ó fẹ́ràn fíìmù lóru á gbádùn rẹ̀. Àmọ́ nínú VA olówó pọ́ọ́kú, ohun dúdú tí ó bá ń sáré máa ń fa ìrù tẹ̀lé ara rẹ̀. OLED ni ọba wọn. Píkísẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, dúdú rẹ̀ dú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, bí ohun kan bá sì dúró lójú kan lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àpá rẹ̀ lè kù síbẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ̀wé láti àárọ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Èyí tí yóò bá mi dé ọjọ́ iwájú ni mo fẹ́ rà." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mọ́nítọ̀ sábà máa ń pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ, nítorí náà bí owó tí ó wà láàárín 60 àti 144 kò bá pọ̀, ẹ ra 144. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ra 4K lónìí nítorí kọ̀ǹpútà tí ó ń retí láti rà lẹ́yìn tí ó bá sin ìlú tán, aṣọ ọmọ tí a kò tíì lóyún rẹ̀ ni ó ń rán yẹn.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń rán ẹlòmíràn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti bá wa rà á wá. Àwọn àgbà sì ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí ẹ kò bá lè lọ fúnra yín, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà ránṣẹ́, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ẹ má fi gbogbo ọkàn gba "1 ms" tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ funfun, dúdú àti pupa kún ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè rí píkísẹ̀lì tí ó ti kú. Nígbà tí ẹ bá sì gbé e délé, ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ System, Display àti Advanced display, kí ẹ yan Hz rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ 144 ni ó ń ṣiṣẹ́ bí 60 nítorí pé olówó rẹ̀ kò yan ohun tí ó rà, tàbí nítorí pé okùn HDMI àtijọ́ ni ó fi so ó.

Ìdúró tiwa nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká, kí ó ra 24 íǹṣì, 1920 × 1080, páńẹ̀lì IPS, láti 100 dé 165 Hz. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù, kí ó fi ra UPS tí kò ní jẹ́ kí iná pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lójú, tàbí kí ó fi kún RAM kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì tún bi yín pé Hertz mélòó ni, ẹ bi òun náà pé àwòrán mélòó ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yà. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kí á máa fi ojú wa rí ire o.